Yíyan Irin Alálòpẹ́ fún Ọgbà Ẹran Ọ̀sìn ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ní ìlú ńlá, oúnjẹ àti oògùn ẹran ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò. Ibi tí a ó dá ẹran dúró sí kì í tètè wá sọ́kàn. Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò wà, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ènìyàn 1,277,714 ni ètò ìkànìyàn ọdún 2006 kà níbẹ̀, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé báyìí, ẹran tó bá já kò ní igbó tí yóò wọ̀. Ojú títì ni yóò bọ́ sí, láàrin ọkọ̀ àti ọlọ́jà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú bu ọwọ́ lu òfin tó ka fífi màlúù jẹko ní gbangba léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọgbà. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé ni irú irin tí a lè fi ṣe ọgbà náà tí kò fi ní wó láìpẹ́ ọjọ́.

Ohun tó ń jẹ irin

Igi àti ọparun ni àwọn baba ńlá wa fi ń sọgbà, iṣẹ́ wọn sì dára fún àkókò wọn. Ṣùgbọ́n ikán kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nílẹ̀, màlúù kan tó bá sì fara ti igi tó ti rà ti jáde nìyẹn. Irin kò ní ikán. Ọ̀tá tirẹ̀ ni ìpẹtà. Omi àti afẹ́fẹ́ tó láti mú irin dógùn-ún níbikíbi, ṣùgbọ́n nínú ọgbà ẹran, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tún wà níbẹ̀. Iyọ̀ àti amóníà inú wọn a máa mú kí irin tètè jẹ. Ìdí nìyí tí irin ọgbà ẹran fi máa ń kọ́kọ́ jẹ ní ìsàlẹ̀, níbi tí òpó ti pàdé ilẹ̀, nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì ń dán tí olówó rẹ̀ sì rò pé kò sí ewu.

Síńkì tó bo irin

Ààbò tó dára jù ni kí a fi síńkì bo irin. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá: irin pẹlẹbẹ tí a fi síńkì bò ni páànù àtijọ́ tí a fi ń bo ilé, nígbà tí síńkì náà bá sì tán lára rẹ̀ ni òrùlé máa ń pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Síńkì dára ju ọ̀dà lọ nítorí pé kì í ṣe aṣọ lásán. Bí nǹkan bá ha á débi irin, síńkì tó yí ojú ọgbẹ́ náà ká ni yóò máa jẹ dípò irin. Ọ̀dà kò lè ṣe èyí.

Àmọ́ síńkì ju síńkì lọ. Èyí tó lágbára ni ti irin tí a rì bọ inú síńkì yíyọ́, tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 450 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ìlànà àgbáyé ISO 1461 béèrè pé kí síńkì ara irin tó nípọn ju mìlímítà 6 lọ tó máíkírọ́ọ̀nù 85 ní ìdọ́gba, kí ti irin tó wà láàrin mìlímítà 3 sí 6 sì tó 70. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Èyí tí a fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ irin tín-ín-rín púpọ̀ ju èyí lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń dán jù lójú. Ẹni tó bá ń fi dídán yan irin yóò ṣìnà. Ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà tún wà tó ń tan ènìyàn jẹ: kí a fi ọ̀bẹ ha á; bí ó bá ń ṣí bí èèpo, ọ̀dà ni.

Lọ́dọ̀ wẹ́dà ni ọ̀pọ̀ irin rere ti ń bàjẹ́. Iná tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀ a máa jó síńkì ojú ibẹ̀ dànù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ojú jíjó ni ẹnu ògiri ọgbà irin. Ó sàn kí a jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí a tó rì í bọ síńkì, kí a sì lu ihò sí páìpù tó dí lẹ́nu méjèèjì, nítorí ó lè bú gbàmù nínú síńkì gbígbóná. Níbi tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, kí a ha ojú jíjó náà mọ́, kí a sì fi ọ̀dà tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ kùn ún. Gbangba ni kí wẹ́dà ti ṣe é, nítorí pé èéfín síńkì a máa dá ibà sí ènìyàn lára.

Òpó, ọ̀pá ìdábùú àti ẹran

Iye tí a ń pe páìpù lọ́jà kò sọ bí ara rẹ̀ ti nípọn tó. Kí a wọ̀n ọ́n ní ojú ibi tí a ti gé e, kí a sì gbé e wò. Kí a dé orí òpó kí òjò má baà wọ inú rẹ̀, nítorí ìpẹtà inú kì í hàn títí yóò fi lu jáde. Kọnkéré ìdí òpó gbọ́dọ̀ yọ sókè díẹ̀ kí ó sì da gẹ̀ẹ́rẹ́, kí omi àti ìtọ̀ má lè dúró yí irin ká.

Inú ọgbà, níhà ọ̀dọ̀ ẹran, ni kí a de ọ̀pá ìdábùú mọ́. Bí màlúù bá tì í, òpó ni yóò gbà á. Bí ó bá wà níta, okùn tàbí nọ́ọ̀tì nìkan ló ń dá a dúró. Páìpù roboto kì í ha ẹran lára bí irin onígun. Fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, kí àwọn ọ̀pá ìsàlẹ̀ súnmọ́ ara wọn dáadáa. Àgbò oníwo tó bá ti orí bọ àárín wọn lè má lè yọ ọ́ mọ́, àsìkò Iléyá sì ni èyí máa ń pọ̀ jù, nígbà tí ẹran bá kún inú ọgbà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kí ó ná èyí tó ní sórí òpó, géètì àti ọ̀pá méjì ìsàlẹ̀. Ọ̀pá òkè lè jẹ́ èyí tó rọjú. Ohun tí a fi nọ́ọ̀tì dè rọrùn láti pààrọ̀, ṣùgbọ́n olè náà mọ bí a ti ń tú nọ́ọ̀tì. Ní àdúgbò tí àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ń kiri, ó yẹ kí a gbẹ́sẹ̀ lé ìyẹn náà kí a tó yàn.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè fi ìṣó mẹ́ta kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí: ọ̀kan lásán, ọ̀kan tí a kùn lọ́dà, ọ̀kan tí a fi síńkì bò. Kí ó fi fáìlì ha àwọn méjì ìkẹyìn, kí ó sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò omi iyọ̀ tí kò ní ìdérí. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ti àkọ́kọ́ yóò pọ́n, ti ọlọ́dà yóò pọ́n lójú ọgbẹ́, lára ti onísíńkì ni wọn yóò sì ti rí ẹ̀tù funfun.