Àrùn Parkinson: Ó Ju Ọwọ́ Gbígbọ̀n Lọ

Bí ọwọ́ àgbàlagbà kan bá ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀, àwọn ará ilé a máa sọ pé ogbó ti dé. Àwọn mìíràn a sì máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Àrùn tí ó ní orúkọ lè wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fura sí.

Ní ọdún 1817 ni James Parkinson, oníṣègùn kan ní Hoxton ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé kékeré kan nípa ènìyàn 6 tí àrùn yìí ń ṣe. Ìgboro ni ó ti rí díẹ̀ nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 11 oṣù Kẹrin, ni a sì fi ń ṣe ìpolongo nípa rẹ̀ káàkiri ayé.

Inú ọpọlọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn àti ìṣe ara. Bí wọ́n bá ti ń kú díẹ̀díẹ̀, ara a máa lọ́ra, iṣan a máa le, ẹsẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀, ìkọ̀wé a kéré sí i, ohùn a sì rẹlẹ̀. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá. Kò sì mọ sọ́dọ̀ arúgbó: ẹni ọdún 42 ni Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, nígbà tí a sọ fún un ní 1984 pé ó ní in.

Ojú aláìsàn ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú agbo ilé. Kò tún lè tètè rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó ilé tí ó kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ rẹ̀, tí bàbá tẹjú mọ́ ọn láìrẹ́rìn-ín, tí ìdáhùn kò sì jáde bọ̀rọ̀, yóò rò pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́. Inú bàbá sì lè máa dùn sí i gidigidi.

Àrùn náà kì í ràn. A kò tíì rí oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n levodopa, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní àwọn ọdún 1960, ń mú kí ara yá. Èròjà yìí kan náà wà nínú kóró wèrèpè tí ń yún àwọn àgbẹ̀ lára! Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí máa sè é mu, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba láti kóró kan sí èkejì.

Oògùn ilé ìwòsàn gan-an fẹ́ àkókò: bí wákàtí rẹ̀ bá yẹ̀, ara lè tún le, bí a bá sì dá a dúró lójijì, ewu ńlá ni. Ọmọ tí ń ṣọ́ aago fún bàbá rẹ̀, tí ó sì ń dúró kí ó fẹnu ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀, ti ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.