Ìtàn Aláwòrán Lórí Fóònù: Ta Ni Ń Bá Ọmọ Wa Gbe Orin?



Kò sí ẹni tí ń pa àlọ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Bí apàlọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó jókòó yí i ká ni yóò dá a lóhùn, àwọn ni yóò gbe orin, àwọn náà ni yóò sì rán an létí bí ó bá fo ibì kan. Bí kò bá sí ẹni tí ń gbè é, àlọ́ náà kú nìyẹn.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń ka ìtàn aláwòrán lórí fóònù. Ọmọ á dorí kodò, á máa fi ìka fa àwòrán sókè, á máa rẹ́rìn-ín, a kò sì mọ ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú wa á bínú, wọ́n á gba fóònù náà. Àwọn mìíràn á ní, «Ìwà ọmọdé ni, yóò fi í sílẹ̀.» Àwa rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ ná.

ÌTÀN TÍ A Ń DÚRÓ DÈ

Ìtàn aláwòrán tí ń jáde díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Kátólíìkì kan ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, bẹ̀rẹ̀ ìtàn Tintin nínú ewé tí ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde. Nígbà tí ìtàn àkọ́kọ́ parí ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, wọ́n wọ ọmọkùnrin kan láṣọ bíi ti Tintin, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, èrò sì pé bìbà láti pàdé rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwòrán lásán ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bá a rìn fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ.

Ohun tí ó yí padà ni pé, lórí fóònù, òǹkàwé lè kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Láti ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ Naver ní ilẹ̀ Kòríà ti ń gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde. Ní Èkó, láti ọdún 2013, ilé iṣẹ́ Comic Republic ń fi ìtàn àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

ÀWÒRÁN 3,099

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọ̀kan tí ó yà wá lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Randall Munroe, ará Amẹ́ríkà, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní NASA, ni ó ń ya ìtàn aláwòrán tí a ń pè ní xkcd. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní ojú, wọn kò ní imú: ara wọn rí bí igi tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn rí róbótó. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ó gbé ọ̀kan jáde tí ó pè ní «Time», ìyẹn ni Àkókò: ènìyàn méjì jókòó létí òkun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwòrán náà yí díẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn, ó tún yí díẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó di wákàtí wákàtí. Báyìí ni ó ń lọ tọ̀sán tòru títí di oṣù keje, tí àwòrán náà fi pé 3,099.

Àwọn méjì náà ń fi yanrìn kọ́ ilé bí àwọn ọmọdé ti ń ṣe. Wọ́n rí i pé omi ń gòkè, kò sì padà. Wọ́n dìde, wọ́n rìn jìnnà láti lọ wádìí. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn kan lórí òkè tí èdè wọn ṣàjèjì, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé òkun yóò bo ilẹ̀ tiwọn mọ́lẹ̀. Wọn kò dúró sórí òkè kí wọ́n gba ara wọn nìkan là. Wọ́n sáré padà lọ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn.

Ta ni ó lè jókòó ti àwòrán fún oṣù mẹ́rin? Àwọn òǹkàwé pín iṣẹ́ náà láàrin ara wọn. Bí àwọn kan ti ń sùn, àwọn tí ilẹ̀ ti mọ́ ní orílẹ̀-èdè tiwọn ń ṣọ́nà fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú nínú ìtàn tí ìràwọ̀ sì yọ, àwọn tí ó mọ ojú ọ̀run fi ipò ìràwọ̀ ṣírò pé ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí 11,000 ọdún sí ìgbà tiwa. Òkun Mẹditaréníà ni òkun náà, tí ó ti gbẹ, tí ó sì tún ń kún. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 5 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi Àtìláńtíìkì ya wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 2014, ìtàn náà gba ẹ̀bùn Hugo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ohun tí ẹnì kan kò lè rí, ọ̀pọ̀ ojú rí i.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ń TÚN NǸKAN ṢE

Òǹkàwé tún lè tọ́ ẹni tí ń ya àwòrán sọ́nà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, apá kan jáde nínú ìtàn Get Schooled ti ilẹ̀ Kòríà, tí a ti fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí pe àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn òǹkàwé kọ̀ ọ́, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà yọ ìtàn náà kúrò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ṣe é sì tọrọ àforíjì.

Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà tí ń tún ọ̀rọ̀ ṣe ni ó ń bà á jẹ́. Ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀ rọrùn láti bú. Ọmọ tí kò lè la ẹnu bú àgbà ní ìta yóò kọ èébú sísàlẹ̀ àwòrán, kò ní rántí pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó jókòó ya á. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

KÍ NI KÍ A ṢE NÍNÚ ILÉ?

1. Kí a tó gba fóònù, kí a ní kí ọmọ sọ ìtàn náà fún wa. Bí ó bá ń tijú àtisọ ọ́, a ó mọ̀ pé ó yẹ kí a wò ó dáadáa.

2. Kí a wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí ìtàn náà. Kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ó wà fún ọmọdé.

3. Kí ọmọ má ṣe kọ orúkọ rẹ̀, ilé ìwé rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀.

4. Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀, kí ó kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé. Ohun tí a kò bá lè sọ lójú ìyá wa, kí a má ṣe kọ ọ́ sí ọmọ ẹlòmíràn.

5. Bí ìtàn bá dára, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe wí pé ẹ kò mọ ìwé. Àwòrán ni, ojú yín tó o kà. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ ní kí ó fi apá tí ó kàn hàn yín. Bí àwa kò bá gbe orin fún un, àlejò ni yóò máa gbè é.