Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Bí Àwòrán Ẹyẹ Tó Jìnnà Ṣe Lè Hàn Kedere

Ẹyẹ funfun kan dúró sáàárín koríko ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré sókè. Ó tẹ bọ́tìnì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ó sì ya ẹyẹ náà. Nígbà tó wo àwòrán náà nílé, koríko iwájú ni ó hàn kedere. Ẹyẹ ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí òwú nínú ìkùukùu.

Ṣé lékèélékèé ni? Àgógó lékèélékèé sábà máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹyẹ funfun mìíràn wà tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n àgógó tirẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ní àwọ̀ ìyeyè. Àwòrán tó ṣe bàìbàì kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló fà á? Ẹ̀rọ kékeré máa ń fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò hàn kedere. Kò mọ èyí tí olówó rẹ̀ ń fẹ́. Bí ewé bá wà níwájú ẹyẹ, ewé ni ó sábà máa ń mú. Bí a bá sì ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó ń hàn kedere ń kéré tó. Ẹ̀rọ Nikon P900, tó jáde ní 2015, lè fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po 83. Bí irú agbára bẹ́ẹ̀ ti ń sọ ẹyẹ di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá.

Ohun tó kù ni kí ènìyàn gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, lẹ́tà MF ni àmì rẹ̀.

Èkíní, kí ẹ̀rọ rí ibi fara tì: ògiri, ẹ̀ka igi, tàbí àpò kékeré tí a rọ ẹ̀wà sí.

Èkejì, kí a fa ẹyẹ mọ́ra tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bí a bá tún fà á lẹ́yìn náà, àtúnṣe lè bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a máa yí bọ́tìnì náà díẹ̀díẹ̀. Ẹyẹ yóò mọ́ kedere. Kí a yí i kọjá ibẹ̀ títí yóò fi tún ṣe bàìbàì, kí a sì padà. Ẹni tí kò kọjá ibẹ̀ kò lè mọ̀ pé òun ti débẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ojú ẹyẹ ni kí a máa wò. Bí ojú bá mọ́, ìrù lè ṣe bàìbàì, àwòrán náà yóò ṣì dára. Bí ojú bá ṣe bàìbàì, ìyẹ́ tó mọ́ kò lè gbà á là.

Ẹyẹ apẹja kì í dúró pẹ́, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń padà sórí igi kan náà tó ti ń ṣọ́ ẹja. Kí a mú igi náà mọ́ kedere nígbà tó ṣófo, kí a sì dúró dè é. Òwúrọ̀ ló dára jù. Lọ́sàn-án, ooru tó ń gòkè láti ilẹ̀ máa ń mú kí àwòrán ohun tó jìnnà máa mì, kò sì sí àtúnṣe ọwọ́ tó lè wò ó sàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré. Igún tó máa ń wà nítòsí ọjà àti ibi ìpẹran ń dínkù ní Áfíríkà. Májèlé ń pa á, àwọn ènìyàn sì ń pa á fún oògùn. Ní 2015, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun tó ga jù lọ. Láti òkèèrè, ènìyàn lè ṣi àwòdì pè ní igún. Àwòrán tó mọ́ ni yóò fi ìrù àwòdì tó là díẹ̀ hàn, tàbí ojú igún tó pá. Ẹni tó bá ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀rí pé igún ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.