Onílù Tí Fẹlá Kì í Pàṣẹ Fún: Ìrìn Àjò Tony Allen

Nínú ẹgbẹ́ olórin Africa 70, ẹnu Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọ̀gá wọn, ni gbogbo nǹkan ti ń jáde. Òun ló ń sọ ohun tí àwọn afunfèrè máa fun, òun ló ń júwe ohun tí àwọn oníjìtá máa ta, òun náà ló ń fi orin sí àwọn agberin lẹ́nu. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí Fẹlá kì í sọ fún pé báyìí ni kó ṣe: Tony Ọládípọ̀ Allen, tó jókòó sídìí ìlù. Bí Fẹlá bá gbé orin tuntun dé, Tony á tẹ́tí sí i, á sì fúnra rẹ̀ wá ìlù tó bá a mu. Bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù tó lé ní 30 ló sì ti ibẹ̀ jáde.

Èkó ni wọ́n bí Tony sí, ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 1940. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, mẹkáníìkì ni. Ìyá rẹ̀ sì tan mọ́ Gánà. Kò bá ìlù nílé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ní iléeṣẹ́ rédíò, ó sì ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ ní ìlù òyìnbó, tí rẹ́kọ́ọ̀dù Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì ní Amẹ́ríkà, sì jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Victor Ọláìyá, olórin háíláífù, ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Cool Cats, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlù ni wọ́n ní kó wá lù. Igi kéékèèké méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Nígbà tí onílù wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Tony bọ́ sórí àga rẹ̀.

Ìwé ìròyìn Down Beat, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló là á lójú. Nínú rẹ̀ ni Max Roach ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo àwo idẹ méjì tí onílù máa ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá mọ́ra. Àwọn onílù háíláífù ní Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àwo yẹn sí nígbà náà. Tony jókòó tì í títí tó fi mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìyáàlù, omele àti gúdúgúdú ṣe máa ń ṣe nínú ọ̀wọ́ dùndún, tí kò sì sí èyí tó ń di ìkejì lọ́wọ́. Kì í fi agbára lù ú. Ẹni tí kò bá rí i, tó kàn ń gbọ́ ọ, á rò pé onílù mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni Fẹlá ń wá lọ́dún 1964. Kò tíì pẹ́ tó ti ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity ní London dé, onílù tó lè lu jáàsì sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó gbọ́ ìlù Tony, ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ wà nínú Koola Lobitos, ẹgbẹ́ Fẹlá tó ń da háíláífù pọ̀ mọ́ jáàsì, ṣùgbọ́n ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ tà. Wọ́n kọjá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1969. Ojú wọn rí tó níbẹ̀: físà tán, owó sì wọ́n. Àmọ́ Los Angeles ni Fẹlá ti pàdé Sandra Izsadore, obìnrin tó là á lójú sí ìjà àwọn adúláwọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sílé, orin ti yàtọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ di Nigeria 70, kó tó wá di Africa 70. “Jẹun Kó Kú” jáde lọ́dún 1971, ìgboro Èkó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Orin kan lè gba odidi ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Fèrè á fun, á dákẹ́. Agberin á gbè, á sinmi. Ìlù kò gbọ́dọ̀ sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni Tony ṣe ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní Shrine, ilé ijó Fẹlá tó wà ní Ìdí-Òrò. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó, òun náà sì di ọ̀rẹ́ wọn.

Ìlù tó bá dún jù, yíya ló ń ya. Ọ̀rọ̀ owó ló dá ìjà sílẹ̀. Owó iṣẹ́ ni Tony ń gbà. Ó fẹ́ ìpín nínú ohun tí rẹ́kọ́ọ̀dù ń pa wọlé, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń fúnra rẹ̀ wá ìlù tó wà nínú wọn. Àwọn èrò tó pọ̀ lẹ́yìn Fẹlá, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu láìṣiṣẹ́, tún sú u. Ní oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà dáná sun Kalakuta, ilé Fẹlá. Lọ́dún 1978, lẹ́yìn tí wọ́n ṣeré ní àjọ̀dún jáàsì ní Berlin, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi di 1979, Tony náà ti lọ. Fẹlá fúnra rẹ̀ gbà pé láìsí Tony, kò ní sí Afrobeat, orin tuntun tí ẹgbẹ́ náà ń kọ.

Kò jáde lọ́wọ́ òfo ṣá. Láti ìgbà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ló ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù lórúkọ ara rẹ̀, tí Fẹlá sì ń bá a bójú tó o: Jealousy lọ́dún 1975, Progress lọ́dún 1977, àti No Accommodation for Lagos lọ́dún 1979. Lọ́dún 1984, ó kó lọ sí London, níbi tó ti ṣe N.E.P.A., tó fi ìkékúrú orúkọ iléeṣẹ́ iná Nàìjíríà ìgbà náà ṣe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi Paris ṣe ilé. Ọdún gbọọrọ ló fi ń lùlù lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì níbẹ̀, tí àwọn tó mọ Zombie, orin Fẹlá, lórí sì lè máà mọ orúkọ rẹ̀.

Orin pọ́ọ̀pù ló tún gbé e síta. Lọ́dún 2000, Damon Albarn, olórin ẹgbẹ́ Blur, dárúkọ Tony nínú “Music Is My Radar”. Àwọn méjèèjì pàdé, Albarn sì kọrin nínú HomeCooking tí Tony ṣe lọ́dún 2002. Lọ́dún 2007, wọ́n jọ gbé The Good, the Bad & the Queen jáde, pẹ̀lú Paul Simonon tó ti wà nínú The Clash àti Simon Tong tó ti wà nínú The Verve. Ipò kejì ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà dé nínú àwọn tó tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni Tony.

Síbẹ̀, kò gbàgbé ilé. Èkó ló padà sí láti gba ohùn Lagos No Shaking sílẹ̀, tó jáde lọ́dún 2006, Fátàì Rolling Dollar, olórin háíláífù tó ti di bàbá arúgbó, sì wà lára àwọn tó kọrin níbẹ̀. Lọ́dún 2013, òun àti Michael Veal gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde. Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ Blue Note gbé iṣẹ́ tó fi yẹ́ Art Blakey sí jáde, ọ̀gá tó ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Rejoice jáde, iṣẹ́ tí Tony àti olóògbé Hugh Masekela, afunfèrè ọmọ South Africa, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2010. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún náà, Tony kú ní Paris lẹ́ni ọdún 79. Iṣẹ́ mìíràn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú, èyí tó fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ oníràápù fi kọrin lórí ìlù òun. Wọ́n parí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2021. There Is No End ni wọ́n pè é, Skepta, oníràápù ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, sì wà lára àwọn tó kọrin nínú rẹ̀.