Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́: Ìgbà wo ni iṣẹ́ ọwọ́ ń di ohun tuntun?

Kò sí ẹni tó ń dáná tí kò mọ̀ pé iyọ̀ tó kúnná máa ń tètè yọ́ ju iyọ̀ oníhóró ńlá lọ. Bí ẹnì kan bá wá gbàwé lọ́dọ̀ ìjọba pé òun nìkan ló ni irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ó tọ́? Irú ìbéèrè yìí ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dáhùn lọ́dún 1877, nínú ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà láàrin Milligan and Higgins, ilé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù, àti Upton.

Pátẹ́ǹtì ni orúkọ ìwé tó fa ìjà náà. Ẹni tó bá gbà á lágbára láti dá ẹlòmíràn dúró kí ó má baà ṣe ohun náà tàbí kó tà á, fún iye ọdún tí òfin là sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ayé ìgbà náà máa ń wá ní pẹlẹbẹ líle. Ó ń gba àyè, kì í sì í tètè yọ́. Wọ́n wá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó rọrùn láti dì, ó sì ń yọ́ kíákíá. Èyí ni wọ́n gba pátẹ́ǹtì lé lórí.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò dá ilé iṣẹ́ náà láre. Adájọ́ Stephen Field ṣàlàyé pé gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà ni. Ìrísí rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí ọjà túbọ̀ yá ní títà, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn dá ohun tuntun sílẹ̀.

Lọ́dún 1952, Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú òfin pé ohun tó bá hàn kedere sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà níwọ̀n kò lè gba pátẹ́ǹtì. Nígbà tó di ọdún 1966, nínú ẹjọ́ Graham àti John Deere lórí ohun èlò ìtúlẹ̀, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ bí wọn yóò ṣe máa wò ó: Kí ló ti wà tẹ́lẹ̀? Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin rẹ̀ àti ti tuntun? Báwo ni ìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ náà ṣe tó?

Ibi tó le níbẹ̀ ni pé ohun gbogbo ló ń dà bí ohun tó rọrùn lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti ṣe é. Nítorí náà, adájọ́ tún lè béèrè bóyá àwọn mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀ tí wọn kò rí i ṣe. Bí lílọ̀ nǹkan kúnná bá sì mú àbájáde tí ẹnikẹ́ni kò retí wá, ẹjọ́ lè yí padà.

Òfin pátẹ́ǹtì Nàìjíríà ti ọdún 1970 náà kò fàyè gba ohun tó hàn kedere. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá fúnni níbí kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun náà tuntun lóòótọ́. Ọrùn ẹni tó gbà á ló wà. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà tuntun láti fi ṣe gàrí tàbí èlùbọ́, kó kọ gbogbo ohun tó dán wò sílẹ̀, títí kan èyí tí kò bọ́ sí i, torí ó lè di ẹ̀rí fún un bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.