Títa Ẹyin Obìnrin: Ọjà Ni Tàbí Iṣẹ́?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978, wọ́n bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n so ẹyin ìyá rẹ̀ pọ̀ mọ́ àtọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn òde ara. Láti ìgbà náà ni ẹyin obìnrin ti di ohun tó ṣeé mú jáde, tó ṣeé tọ́jú, tó sì ṣeé gbé fún ẹlòmíràn. Ohun tó bá sì ti ṣeé gbé fún ẹlòmíràn, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó bèèrè pé èló ni. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀ wò ni bóyá ó tọ́ kí òfin fọwọ́ sí títa ẹyin náà. Èrò tó gbé e ró ni pé ìdáhùn kankan kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí owó náà wà fún: ṣé fún ẹyin ni, àbí fún ìnira obìnrin tó mú un wá?

Ìnira náà kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹyin kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbó nínú ara obìnrin, ilé-ìwòsàn kò sì fẹ́ gbára lé ẹyọ kan. Nítorí náà, wọn a máa gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kí ẹyin mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, wọn a fún un ní oògùn oorun, wọn a sì ti abẹ́rẹ́ gígùn gba ojú ara rẹ̀ dé ibi tí ẹyin wà láti fà wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe é tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí oògùn náà máa ń ṣiṣẹ́ lára wọn kọjá ààlà: ibi tí ẹyin wà a wú, omi a kún ikùn, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó pa ènìyàn, àmọ́ ó ti pani rí. Bí ẹyin tí oògùn mú gbó bá ti ń pọ̀ sí i ni ewu yìí náà ń pọ̀ sí i. Kókó yìí yóò tún jẹyọ níwájú.

Àwọn tó lòdì sí títà ní ara ènìyàn kì í ṣe ọjà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì létí Yorùbá, níbi tí kíka ọmọ fún ọlọ́mọ pàápàá ti jẹ́ èèwọ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí dídíye lé e. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Dókítà tó fa ẹyin jáde ń gba owó. Ilé-ìwòsàn ń gba owó. Alárinà tó wá obìnrin náà rí ń gba owó. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tó gba abẹ́rẹ́ nìkan ni òfin ní kí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí iyì ara ènìyàn, a jẹ́ pé wọ́n ti ná ọjà tán, ẹni tó ni ẹrù nìkan ni wọn kò jẹ́ kó pa owó. Irú àríyànjiyàn yìí wáyé ní California. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2006 ka sísan owó léèwọ̀ fún obìnrin tó bá fi ẹyin sílẹ̀ fún ìwádìí ìjìnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi tirẹ̀ fún tọkọtaya tí ń wá ọmọ lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ yí i padà ní 2013, Gómìnà Jerry Brown kọ̀, ó ní kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ ní títà. Ní 2019, òfin tuntun fàyè gbà á.

Ẹni tó bá sì rò pé àìsanwó ló ń gba obìnrin lọ́wọ́ ìfipámúni, kí ó wo Kòríà ti Gúúsù. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hwang Woo-suk jẹ́wọ́ pé méjì nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ń ṣe ìwádìí lábẹ́ òun wà lára àwọn tó fi ẹyin sílẹ̀ fún iṣẹ́ òun. Ta ni yóò wí fún ọ̀gá rẹ̀ pé rárá?

Apá kejì ọ̀rọ̀ hàn ní Amẹ́ríkà. Ní 1999, ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ńláńlá níbẹ̀. Ẹni tó polówó náà yóò san 50,000 dọ́là fún ẹyin ọmọbìnrin tó ga, tó ń ṣe eré ìdárayá, tí máàkì ìdánwò rẹ̀ sì ga. Owó yìí kò kan abẹ́rẹ́ rárá, nítorí abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń gún ẹni gíga àti ẹni kúkúrú. Ìran ni wọ́n fẹ́ rà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀ràn ọmọ bíbí gbìyànjú láti fi ààlà sí i: wọ́n ní iye tó bá tó 5,000 dọ́là gbọ́dọ̀ ní àlàyé, èyí tó bá sì ju 10,000 lọ kò yẹ. Ní 2011, àwọn obìnrin tó ti fi ẹyin sílẹ̀ pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin ìdíje òwò, wọ́n ní ṣe ni wọ́n pàdí àpò pọ̀ láti já owó àwọn wálẹ̀. Ìhà méjèèjì fi ọ̀rọ̀ náà parí sí ìtùbí-ìnùbí ní 2016, wọ́n sì yọ iye owó náà kúrò nínú ìlànà.

Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ kan tó yẹ ní fífà wá síbí. Ẹrú àti ìwọ̀fà kì í ṣe ọ̀kan náà. Rírà ni wọ́n ra ẹrú. Ara rẹ̀ di ti olówó rẹ̀. Ìwọ̀fà kò ta ara rẹ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ni èlé orí owó tí wọ́n yá, ọmọ ìlú ni síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà ló bọ́. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wọn ọ̀ràn ẹyin, owó kan tí kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ẹyin márùn-ún ló jáde tàbí ogún, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ló fi í sílẹ̀, sún mọ́ owó iṣẹ́. Owó tó ń gòkè nítorí iye ẹyin tàbí ìran ẹni sún mọ́ owó ẹrú. Ó sì tún kó obìnrin sínú ewu, nítorí ẹni tí wọ́n bá ń sanwó fún lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò fẹ́ kí wọ́n fi oògùn kún oògùn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìwọ̀fà lọ́ṣọ̀ọ́. Gbèsè ló ń sọni di ìwọ̀fà, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè tí bàbá jẹ. Pípè é ní iṣẹ́ kò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè gba ọ̀dọ́bìnrin òde òní ni kí òfin sọ iye ìgbà tó lè ṣe é, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí ikùn rẹ̀ bá wú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ èyí. Títà jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2012 ni wọ́n ti fàyè gba owó gbà-máà-bínú kan náà fún gbogbo ẹni tó bá fi ẹyin sílẹ̀. 750 pọ́n-ùn ni fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì fi kún un ní 2024.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ètò Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ẹ̀yà ara tàbí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí òfin náà ti túmọ̀ ohun tí ẹ̀yà ara jẹ́, ó yọ ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìta òfin ni ẹyin dúró sí: kò kà á léèwọ̀ kedere, kò sì dáàbò bo ẹni tó fi í sílẹ̀. Nínú àlàfo yìí ni àwọn alárinà ti ń wá àwọn ọ̀dọ́bìnrin kiri, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé-ìwé ká lára wà nínú wọn. Ó ṣòro láti pe irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ní ọ̀wọ̀ fún ara ènìyàn.

Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá ti inú ẹyin tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹta 2005 wá lè bèèrè ẹni tó ni ín nígbà tó bá pé ọdún 18, ìdílé mẹ́wàá péré sì ni ẹyin obìnrin kan lè dé. Òfin Nàìjíríà ti 2014 kò dá irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ alárinà ni láti wádìí ìdílé kí ìbátan má baà fẹ́ ìbátan. Iṣẹ́ alárinà ẹyin ni láti fi ìdílé pa mọ́. Obìnrin kan lè fi ẹyin sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn mẹ́ta ní Èkó láàárín ọdún kan. Ní ogún ọdún sí i, méjì nínú àwọn ọmọ tó tinú rẹ̀ wá lè pàdé nínú ọgbà yunifásítì kan náà, kí ìdílé méjèèjì wádìí ara wọn títí, kí wọ́n má sì rí nǹkan kan.