Àwòrán Adágún Central Park àti Abúlé tí Kò Sí Nínú Rẹ̀

Nínú àwọn àwòrán tí a fi òkúta tẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, díẹ̀ ni ó dùn ún wò tó èyí tí ilé-iṣẹ́ Currier & Ives tẹ̀ jáde ní New York ní ọdún 1862. Ó fi adágún ọgbà ìgbafẹ́ Central Park hàn ní ìgbà òtútù: omi ti dì, tọkùnrin tobìnrin sì wọ bàtà onírin, wọ́n ń yọ̀ geere lórí rẹ̀. Charles Parsons ni ó yà á. Lyman Atwater ni ó gbé e sórí òkúta.

Alois Senefelder ni ó hùmọ̀ ọgbọ́n yìí ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1796. Ọ̀rá àti omi kì í rẹ́. A ó fi gègé ọlọ́ràá ya àwòrán sójú òkúta pẹlẹbẹ, a ó sì fi omi rin ín. Bí a bá wá yí tàdáwà lé e, ibi tí a yà nìkan ni yóò gbà á. Dúdú ni àwòrán náà yóò jáde lára ìwé. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ náà yóò fi ọwọ́ kùn ún, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà ni kò fi wọ́n, tí mẹ̀kúnnù fi lè rà á kọ́ sára ògiri.

Ṣùgbọ́n kí ọgbà yìí tó wà, abúlé kan, Seneca Village, wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní ọdún 1825. Ní ọdún 1855, nǹkan bí 225 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Ilẹ̀ níní kì í ṣe ohun kékeré fún wọn, nítorí pé òfin kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dìbò àfi bí ohun-ìní rẹ̀ bá tó 250 dọ́là. Òfin yìí kò sì de aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1857, ìjọba gba ilẹ̀ náà, ó san owó fún àwọn onílẹ̀, abúlé sì túká.

Èmi kò pe ayàwòrán ní òpùrọ́. Ibi adágún kọ́ ni abúlé náà wà. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó bá ti dé ilé gbogbo a máa di ìrántí ìlú, ohun tí kò bá sì sí nínú rẹ̀ a dàbí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2011, àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ abúlé náà. Wọ́n rí ìpìlẹ̀ ilé, kẹ́tùlù irin, àti bàtà ọmọdé kan. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi àwòrán ṣe ẹ̀rí ìtàn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ kí a tó ya àwòrán sí i.